Pátá Nǹkan Oṣù: Ohun Tí Mo Rí Nínú Lílò Rẹ̀

Ohun tó mú mi kúrò nídìí páàdì kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Ara mi ni kò gbà á mọ́. Nígbàkúùgbà tí mo bá ń ṣe nǹkan oṣù, kó tó di ọjọ́ kẹta, ibi tí etí páàdì ti ń ha mí nítan á ti pọ́n, á máa yún mi, nígbà mìíràn á sì bó débi pé rírìn gan-an á di ìnira. Mo pààrọ̀ oríṣi páàdì títí. Mo ra èyí tó fẹ́lẹ́, mo ra èyí tí wọ́n ní òwú nìkan ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀, ìyàtọ̀ tí mo rí kò tó nǹkan. Tampon, ìyẹn òwú tí a ká jọ tí a ń ki bọ ojú ara kó lè fa ẹ̀jẹ̀ mu, kò bá mi lára mu ní tirẹ̀, n kò sì fẹ́ràn kí n máa ka wákàtí lé e lórí. Àwọn oníṣègùn ń kìlọ̀ pé kò yẹ kí ọ̀kan pẹ́ lára ju wákàtí 8 lọ, nítorí àìsàn líle kan tí oró kòkòrò àrùn máa ń fà, èyí tó pa àwọn obìnrin kan ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1980. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lo pátá nǹkan oṣù nìyẹn, ìyẹn pátá tó ń mu ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, tí a ń fọ̀, tí a sì ń tún wọ̀.

Ẹni tí kò bá tíì rí i rí lè rò pé pátá lásán tí wọ́n rán àkísà mọ́ nínú ni. Èmi náà fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà, nígbà tí ọ̀kan gbó, mo fi abẹ́ tú ojú rírán rẹ̀. Ìpele aṣọ mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀. Èyí tó kan ara fẹ́lẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè kọjá lọ sísàlẹ̀ kí ojú aṣọ má bàa tutù mọ́ni lára. Abẹ́ rẹ̀ ni aṣọ tó nípọn díẹ̀ wà, tó ní irun wẹ́wẹ́ bíi ti aṣọ ìnura, òun ló ń fa ẹ̀jẹ̀ náà mu. Ẹ̀kẹta ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀: aṣọ tí wọ́n fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní polyurethane bò lójú kan, tí kì í jẹ́ kí omi kọjá, àmọ́ tó ń jẹ́ kí ooru ara rí ọ̀nà jáde díẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni aṣọ pátá tí à ń rí níta. Ike inú yìí ló sì jẹ́ kí ọ̀nà tí wọ́n gbà rán an ṣe pàtàkì, nítorí pé ibikíbi tí abẹ́rẹ́ bá gún un, ihò ni, ẹ̀jẹ̀ sì lè gba ibẹ̀ yọ. Láti ìgbà náà, etí ni mo kọ́kọ́ máa ń wò bí mo bá fẹ́ ra òmíràn. Bí òwú ìránṣọ bá là á kọjá ní àárín gbùngbùn, mo máa ń fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ní ti wíwọ̀ rẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti lo páàdì láti kékeré ti mọ bó ṣe ń dún, ó mọ bó ṣe ń wúwo bó bá ti kún, àwọn nǹkan wọ̀nyí ló sì fi ń mọ̀ pé àsìkò tó láti pààrọ̀. Pátá yìí kì í dún, kì í sì í ká jọ. Bí ènìyàn bá jókòó pẹ́ tó sì dìde lójijì, á mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tú jáde, á sì mọ ìgbóná rẹ̀, ṣùgbọ́n láìpẹ́ ojú aṣọ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ padà, a ò sì ní mọ iye tó ti mu. Àìmọ̀ yìí ló ń mú kí n máa yẹ ìdí àga wò ní gbogbo ìgbà tí mo bá dìde. Ohun tí mo wá fi ń díwọ̀n rẹ̀ kò le: bí mo bá fi tíṣù tẹ ojú rẹ̀ nílé ìgbọ̀nsẹ̀, tí tíṣù náà sì tutù rin, ó ti kún nìyẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kàn fara kan tíṣù náà lásán, pátá náà ṣì lè gbà sí i.

Ọ̀rọ̀ iye tó lè gbà yìí ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ yẹ̀ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹnu àwọn tó ń tà á ti máa ń dùn jù. Lára páálí wọn, ẹ óò rí i pé wọ́n kọ mílílítà 20, mílílítà 30, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń pàdánù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nǹkan oṣù kan kò sì ju bíi mílílítà 30 sí 80 lọ, nítorí náà ènìyàn lè fi ìṣirò gbéra ẹ̀ gẹṣin aáyán, kó ní ẹyọ méjì péré ti tó òun fún gbogbo oṣù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ni wọ́n sábà máa ń fi díwọ̀n irú nǹkan báyìí, ohun tó sì ń jáde lára wa ki ju omi lọ, àwọn ẹ̀yà inú ilé ọmọ tó ń já wà nínú rẹ̀, òmíràn á sì ti dì. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà gbé èsì jáde lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, dípò omi, dán oríṣiríṣi ohun èlò nǹkan oṣù wò. Ike roboto pẹlẹbẹ tí a ń fi sí ojú ara ló gbà jù, bíi mílílítà 61, pátá nǹkan oṣù ló sì kéré jù, bíi mílílítà 2 péré. Èmi kò gbà pé mílílítà 2 yẹn ni òpin ohun tí pátá lè ṣe lára ènìyàn, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kì í dà jáde lẹ́ẹ̀kan bí ìgbà tí a da á láti inú ife, díẹ̀díẹ̀ ló ń wá, aṣọ náà á sì ráyè fà á mu. Síbẹ̀, ó bá ohun tí ojú mi rí mu. Ẹ̀jẹ̀ tó ń sun díẹ̀díẹ̀ kì í jò kúrò nínú rẹ̀, èyí tó bá tú jáde lójijì ni kì í lè yára gbé, yóò sì ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ itan. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì kì í tilẹ̀ wọnú aṣọ rárá, orí rẹ̀ ló máa ń jókòó sí, mo sì máa ń fi tíṣù nù ún kúrò. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ débi pé ó ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí kan sí méjì, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kó gbà lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ onípátá.

Alẹ́ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ìpele tó ń mu ẹ̀jẹ̀ máa ń gùn dé ẹ̀yìn lára èyí tí wọ́n ṣe fún oorun, nítorí náà bí mo ṣe yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, kò sí ohun tó ń sún kúrò ní ipò rẹ̀. Mo lè sùn fọnfọn láìtẹ́ nǹkan kan lé bẹ́ẹ̀dì. Bákan náà ni fún àwọn ọjọ́ ìparí tí ó kàn ń kán tó-tó, àti ọjọ́ tí nǹkan oṣù ń bọ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì dé. Ọjọ́ kejì, tó jẹ́ pé òun ló máa ń le jù fún mi, páàdì ni mo ṣì ń lò bí mo bá ń jáde, nítorí pípààrọ̀ pátá níta kì í ṣe eré ọmọdé. Ẹ fojú inú wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tóóró tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù: ènìyàn á bọ́ bàtà, á bọ́ ṣòkòtò kúrò lẹ́sẹ̀ méjèèjì, á fi ẹsẹ̀ kan dúró, á máa wá ibi tó máa fi èyí tó ti kún sí. Àwọn kan wà tí wọ́n fi ìkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tí a lè tú láìbọ́ ṣòkòtò tán, èrò ọlọ́gbọ́n sì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkọ́ náà máa ń hàn lára aṣọ tó bá fún. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ níta gbọ́dọ̀ ní àpò kan tí omi kì í jò láti inú rẹ̀, kó sì rántí tú u jáde bó bá ti délé, nítorí pátá tó tutù tó sì sùn nínú àpò ni ó máa ń rùn. Èyí tó wà lára kì í rùn bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò.

Iṣẹ́ gan-an wà nídìí fífọ̀. Bí mo bá ti bọ́ ọ, omi tútù ni mo kọ́kọ́ máa ń bù sí i kí n tó fọwọ́ kan ọṣẹ rárá. Purotéènì wà nínú ẹ̀jẹ̀, omi gbígbóná sì máa ń mú kí ó dì mọ́ aṣọ, bó bá ti dì mọ́ ọn báyìí, àbàwọ́n rẹ̀ kì í fẹ́ lọ mọ́. Mo máa ń yí inú rẹ̀ síta, kí n wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibi tó nípọn nínú omi, kí n jọ̀wọ́ rẹ̀, kí n tún tẹ̀ ẹ́. Omi àkọ́kọ́ á pupa fòò, tó bá yá á ṣí díẹ̀, nígbà tó bá pẹ́ á mọ́ gaara. Ẹni tí kò bá fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lójú kò lè fẹ́ràn apá yìí, n kò sì ní tan ẹnikẹ́ni pé ó dùn. Àmọ́ èmi ti wá mọ nǹkan oṣù mi dáadáa nípasẹ̀ rẹ̀, mo mọ ọjọ́ tó pọ̀, mo mọ ọjọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà, ohun tí páàdì tí mo ń ká jù nù kò jẹ́ kí n rí. Lẹ́yìn náà ni mo lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, tàbí kí n kó o mọ́ aṣọ yòókù sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, bí ooru omi rẹ̀ kò bá ti ju ìwọ̀n 40 Celsius lọ. Èròjà tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀ tó sì ń ta sánsán kò gbọ́dọ̀ kàn án, nítorí ó máa ń bo ojú fọ́nrán aṣọ, aṣọ náà kò sì ní lè mu nǹkan mọ́. Bílíìṣì máa ń jẹ rọ́bà àti ike inú rẹ̀. Fífún un gírígírí náà kò dára, mo máa ń tẹ omi kúrò nínú rẹ̀ ni.

Bó ṣe ń pẹ́ kó tó gbẹ ni ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú rẹ̀. Ìpele mẹ́rin kì í gbẹ bíi pátá lásán. Bí oòrùn bá mú, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, kò burú, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá ń rọ̀, tàbí tó bá jẹ́ inú ilé ni mo sá a sí, ilẹ̀ ọjọ́ kejì lè mọ́ bá a kó ṣì rin nínú. Títún wọ̀ ọ́ ní rírin kò dára fún ara rárá. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kó ka àkókò tí aṣọ fi ń gbẹ nílé rẹ̀ kó tó ka iye pátá tó fẹ́ rà, ẹni tí kò bá sì ní omi tó tó àti ibi tó máa sá a sí, páàdì lè san án jù.

Owó tí a ń kó kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀, torí ẹyọ kan wọ́n gan-an ju páálí páàdì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún díẹ̀ ni a máa fi lò ó. Ní Bìrìtéènì, wọ́n yọ owó orí ọjà (VAT) kúrò lórí páàdì ní January 2021, àmọ́ wọ́n ṣì ń ka pátá yìí sí aṣọ lásán, títí di January 2024 kí wọ́n tó yọ tirẹ̀ náà kúrò.

Ohun kan ṣì wà tí kò yẹ kí n fò dá. Wọ́n ti rí àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PFAS lára irú pátá báyìí, ìyẹn irú èyí tí wọ́n ń lò láti mú kí aṣọ má gba omi tàbí òróró, tí kì í sì í jẹrà bọ̀rọ̀. Ní ọdún 2023, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà gbà láti san owó fún àwọn oníbàárà rẹ̀ láti fi parí ẹjọ́ tí wọ́n pè é lórí ọ̀rọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà pé òun jẹ̀bi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ èyí, mo máa ń wá ibi tí ẹni tó ṣe é ti kọ ọ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì sí kẹ́míkà náà nínú rẹ̀. N kì í sì í ra èyí tó ń fọ́nnu pé fàdákà inú òun ń pa kòkòrò, nítorí kì í ṣe gbogbo kòkòrò tó wà níbẹ̀ ni ọ̀tá. Àwọn kan ló ń ṣọ́ ojú ara kí àrùn má bàa wọ̀ ọ́.

Bí yóò bá gbó, kì í gbó lójijì. Rọ́bà ìbàdí ló kọ́kọ́ máa ń dẹ̀, ìyẹn kò tíì ṣe nǹkan. Ìgbà tí ike inú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó ni ó parí: bí mo bá fi ìka ra á nínú omi, màá gbọ́ bó ṣe ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, màá sì rí i pé ó ti yà kúrò lára aṣọ. Mo máa ń bu omi díẹ̀ sí i láti òkè nígbà náà, kí n wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá yọ, mo máa ń gé ibi tó nípọn kúrò, kí n sì jù ú nù, nítorí ike inú rẹ̀ kò jẹ́ kó ṣeé fi sin ilẹ̀ bí òwú.