Sáfà tó wà lẹ́yìn káńtà

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo àwọn fọ́tò àtijọ́ tí mò ń kó sórí ìkànnì mi, ẹ̀yìn káńtà ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà ni wọ́n ti ń wá bá yín. Láàpútọ́ọ̀pù ThinkPad ògbólógbòó kan ló ń gbé wọn jáde. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹni tó ni ín tà á fún mi lówó pọ́ọ́kú. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń fi ìkànnì ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè, ò kúkú nílò ojú. Debian, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni mo fi sí i; nginx, ètò tó ń fi ojú ìwé ránṣẹ́, ló sì ń dá ẹni tó bá kanlẹ̀kùn lóhùn.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ìwé títẹ̀, fọtokọ́pì àti fóònù títúnṣe. Bí àgbàlagbà bá kú níbí, tàbí lọ́nà Ìjùmú lọ́hùn-ún, ọ̀dọ̀ irú wa ni àwọn ọmọ ń kó fọ́tò wá kí a fi ṣe ìwé ètò ìsìnkú. Ìgbà yẹn ni ẹ ó rí fọ́tò tó ti sùn lábẹ́ àpótí láti ìgbà tí Kàbà ṣì wà lábẹ́ Kwara: bàbá nínú aṣọ iléèwé, ìyá lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹbí tò lẹ́sẹẹsẹ níwájú ilé alámọ̀. Mo máa ń bi wọ́n bóyá mo lè fi ẹ̀dà kan hàn fáyé rí. Ọ̀pọ̀ ní kò burú. Ibẹ̀ ni ìkànnì náà ti bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ l'Ábùjá ò yé kùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yá àyè lórí sáfà òkè òkun, kí ẹ sinmi." Kò parọ́, owó rẹ̀ ò sì pọ̀ ju ohun tí mo lè san lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí ìyá kan wọlé wá láti Bùnú. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ní Èkó ti fi fọ́tò rẹ̀ hàn án lórí fóònù, òun àti ọkùnrin kan tí wọ́n jọ dúró. Ẹbí ọkùnrin náà ló kó fọ́tò yẹn wá fún mi.

"Ọmọ mi, èmi àti ẹni yìí ti pínyà kí wọ́n tó bí ẹ. Kí ló tún ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?"

Mo ní kí wọ́n jókòó, mà. Wọn ò tíì mu píọ̀ wọ́tà tí mo fún wọn tán tí fọ́tò náà fi kúrò. Wọ́n ní kí n fi ibi tó wà hàn wọ́n. Mo tọ́ka sí láàpútọ́ọ̀pù tí kò lójú yẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó títí. "Ibí ni mo wà látọjọ́ yìí?"

Mi ò mọ ọ́fíìsì tí ìyá yẹn ì bá gbà lọ ká ní Jámánì ni fọ́tò náà wà.

Ó wá ku bí a ṣe máa mú ẹ̀rọ náà wà láàyè. Tí ẹ bá ń gbé Kàbà, ẹ mọ̀ pé iná kì í ṣe ohun téèyàn ń gbójú lé. Láàpútọ́ọ̀pù tí ojú rẹ̀ ti kú kì í jẹ iná púpọ̀: ti tèmi ń jẹ bíi wáàtì 12, ìyẹn tó 288 wáàtì-wákàtì láàárín ọjọ́ kan sí ìkejì. Bátìrì ṣóólà 12 fóòlútì, 100 Ah, ń gba nǹkan bí 1,200 wáàtì-wákàtì, àmọ́ kò dáa kéèyàn fà á kọjá ìdajì bí ó bá fẹ́ kí ó pẹ́. Ìdajì yẹn ń gbé mi fún ọjọ́ méjì tí oòrùn ò bá yọ dáadáa. Mi ò sì gba inú ìnfátà kọjá, torí ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹun. Ẹ̀rọ kékeré kan ló ń sọ 12 fóòlútì di 20 tí láàpútọ́ọ̀pù ń fẹ́. Ọ̀tá tó kù ni eruku ọyẹ́ lórí páńẹ̀lì, àti ọmọ iṣẹ́ mi tó ń yọ wáyà rẹ̀ kí ó lè fi ṣáàjì fóònù oníbàárà.

Nítorí ọmọ iṣẹ́ yẹn ni mo ṣe lẹ bébà mọ́ ọn: "MÁ PA Á." Mi ò kọ́kọ́ ṣe é. Tim Berners-Lee tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀ lẹ irú rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà NeXT rẹ̀ ní CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní Switzerland, tó fi yíǹkì pupa kọ ọ́ pé sáfà ni ẹ̀rọ yìí, kí ẹnikẹ́ni má pa á. Ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 1991 ló kéde iṣẹ́ náà fún gbogbo ayé. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù kan náà, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí tí Kàbà wà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ni àwa àti wẹ́ẹ̀bù, kò sídìí tí a ó fi máa bẹ̀rù rẹ̀.

Ibi tó le jù ni íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń kọ́ni lórí YouTube á ní kí ẹ ṣí pọ́ọ̀tì 80 àti 443, ẹnu ọ̀nà tí àlejò wẹ́ẹ̀bù ń gbà wọlé, lára ráútà. Ráútà oní-sím ńkọ́? Àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì ti ayé àtijọ́ (IPv4) ò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ, kò kárí, nítorí náà àwọn oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo. Ẹ wo inú ráútà yín: bí nọ́ńbà tó fún yín bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, ẹnikẹ́ni ò lè ti ìta wọlé bá yín, bó ti wù kí ẹ ṣílẹ̀kùn tó. Ohun tí mo ṣe ni pé láàpútọ́ọ̀pù mi fúnra rẹ̀ ló ń jáde lọ bá Cloudflare, ilé-iṣẹ́ tó ń dúró láàárín ìkànnì àti àlejò rẹ̀, tí kò sì gé okùn náà. Àlejò á gba ojú okùn yẹn padà wá. Ṣùgbọ́n Cloudflare lè rí ohun tó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ó sì lè fi ẹ̀dà pamọ́ lọ́nà. Nítorí náà, bí mo bá yọ fọ́tò ẹnìkan, mo tún ń pa ẹ̀dà ọ̀hún rẹ́. Ti ìyá Bùnú náà, méjèèjì ni mo ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ aṣínà lásán wọlé sí sáfà yín láti òkèèrè, kọ́kọ́rọ́ SSH, fáìlì àṣírí tó ń ṣílẹ̀kùn dípò ọ̀rọ̀ aṣínà, ni kí ẹ lò. Ẹ má sì jẹ́ kí fọ́tò tóbi: mò ń dín tèmi kù sí nǹkan bíi kìlóbáìtì 150, torí bí òkú ńlá bá wà, gbogbo ẹbí lórí WhatsApp ló ń tẹ ìlíǹkì náà lẹ́ẹ̀kan. Ògidì fọ́tò wà lórí háàdì dísíìkì nílé, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà míràn ìkànnì náà á sùn. Ọjà wa náà kì í ná lójoojúmọ́, a sì ń mọ ọjọ́ rẹ̀. Low-tech Magazine ní ìkànnì kan ní Barcelona tó ń fi oòrùn nìkan ṣiṣẹ́ láti 2018, ó sì máa ń lọ bí ojú ọjọ́ bá burú. Bí tèmi ò bá ṣí fún yín láàárọ̀ kùtù, ẹ tún un tẹ̀ tó bá ti kọjá aago mẹ́wàá.