Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

Àná ni àbúrò mi obìnrin sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi níbí ní Kubwa, l'Ábújá, tí mi ò tíì rí gbé mì. A jókòó sí pálọ̀ ẹ̀, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ìráhùn o, mi ò ní parọ́, mo ní ẹ wo àwọn ọmọ yìí ná, tèmi méjì tí mo kó wá láti Leeds, tiẹ̀ mẹ́ta, ọmọ márùn-ún nínú pálọ̀ kan ṣoṣo, oníkálùkù pẹ̀lú fóònù tàbí tablet tiẹ̀, wáyà ti dí gbogbo etí, èèyàn ò gbọ́ ẹ̀rín, kò gbọ́ ìjà. Mo ní ṣé bá a ṣe wà ní Kàdúná nìyí? Àbúrò mi ò tiẹ̀ gbójú sókè nínú ẹ̀gúsí tó ń bó, ó ní, "Sistá mi, ẹ̀yin lẹ di ẹrù yín lẹ lọ, ṣé ẹ wá fẹ́ ká máa bá yín ṣọ́ Kàdúná títí ẹ ó fi dé ni? Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà níbi ìgbádùn."

Ìgbádùn. Ibẹ̀ yẹn ló ti dùn mí.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ti Kàdúná, torí ẹni tó bá ṣèwe níbẹ̀ láyé ọjọ́un ti mọ̀ ọ́n. Tudun Wada là ń gbé, bàbá wa á sọdá afárá lárààárọ̀ lọ síbi iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri, ìgbà tí iṣẹ́ aṣọ ṣì wà ní Kàdúná. Ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ẹ ni, yàrá mẹ́wàá, Alhaji lándílọ́ọ̀dù nìkan ló sì ní tẹlifíṣọ̀n, dúdú àti funfun. Inú àpótí pákó ló wà, àpótí yẹn ní ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn yẹn ní kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ yẹn ń gbé àpò Alhaji. Aago mẹ́rin ni NTA máa ń ṣí lọ́jọ́ iṣẹ́ nígbà yẹn, àmọ́ tó bá ti di mẹ́ta àbọ̀ ẹ ó ti rí wa lẹ́nu ọ̀nà, a ti fọ ẹsẹ̀, torí ìyàwó Alhaji ò gba ẹsẹ̀ eléruku lórí kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀, sílípáàsì á tò lọ gbọọrọ bíi ti mọ́ṣáláṣí, ọmọ Hausa, ọmọ Igbo, ọmọ Kàfànchàn, ọmọ Yorùbá, a ó fún ara wa pọ̀ a ó máa wo àwọn ìlà tí kì í rìn yẹn tó ń hó "pííì" títí wọ́n á fi kọ orin orílẹ̀-èdè. Sesame Street. Voltron, kìnnìún irin márùn-ún tó máa ń so pọ̀ di òmìrán kan. Tó bá di Sunday aago mẹ́fà, Tales by Moonlight, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1984, ànti kan á jókòó, àwọn ọmọ á yí i ká, á máa pàlọ́ fún wọn lédè òyìnbó. Samanja náà ń bẹ fáwọn àgbà, Usman Baba Pategi, ọmọ Pategi ní Kwara ni o, Alhaji ti máa ń rẹ́rìn-ín kí ọkùnrin yẹn tó lanu.

(Àdúgbò kan tiẹ̀ wà ní Kàdúná tó ń jẹ́ Television, orúkọ àdúgbò ni. Kọ̀ńdọ́ á máa pè é "Television! Television!" Nígbà tí mo kéré, mo rò pé ibẹ̀ làwọn tá a máa ń rí nínú ẹ̀ ń gbé, mo bẹ bàbá mi títí kó mú mi lọ kí wọn.)

Èmi ni mo ga jù nínú àwọn ọmọ ilé, torí náà èmi ni mo máa ń di òpó éríà mú níta. Yí i! Yí i! Ó tó! Kai, o ti bà á jẹ́! Ìdajì Voltron tí mo mọ̀, etí ni mo fi wò ó. Ọba burúkú tó wà nínú ẹ̀ yẹn, títí dòní ohùn ẹ̀ ni mo mọ̀, mi ò mọ ojú ẹ̀. Tí wọ́n bá wá mú iná lọ, ìta la máa jókòó sí, màmá mi á ní "Ààlọ́ o!" a ó ní "Ààlọ̀!", tó bá parí tiẹ̀ ìyàwó Alhaji á gbà á, "Ga ta, ga ta nan ku!", àwa ọmọ Yorùbá la sì máa ń pariwo jù, "Ta zo mu ji ta!" Ọmọ Igbo kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ òun ló máa ń dá orin ààlọ́ màmá mi, kò gbà kí ẹlòmíì dá a. Ó tán. Bẹ́ẹ̀ ló rí.

Leeds ńkọ́. Ní Leeds tó bá ti di December, òòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Wákàtí tí ara mi ti mọ̀ láti kékeré pé ilẹ̀kùn máa ń ṣí, wákàtí yẹn gan-an ni gbogbo ilẹ̀kùn wọn ń tì. 2014 la débẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, mo máa ń dúró sí ojú fèrèsé kí n máa wo ilé òdìkejì títì, iná tẹlifíṣọ̀n wọn á máa ṣẹ́jú búlúù lára kọ́tìnì, mo mọ̀ pé wọ́n ń wo nǹkan, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń wò, mi ò sì lè kan ilẹ̀kùn. Kí ni n bá wí? Pé ẹ jọ̀ọ́, mo ti fọ ẹsẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni tó kí wa káàbọ̀, lẹ́tà ti kí wa. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó gba ẹnu ilẹ̀kùn wa wọlé, kò ní orúkọ wa lára, ẹni tó ń gbé ilé yìí lábẹ́ òfin ni wọ́n kọ ọ́ sí, pé a gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì tá a bá máa wo tẹlifíṣọ̀n. Mo ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mo rò pé a ti ṣẹ̀. Ní April 2025 ó di £174.50 lọ́dún, ẹni tó ní dúdú àti funfun sì ń san £58.50 nígbà yẹn, ìyẹn ṣì wà o, ọkọ mi ní ká ránṣẹ́ sí Kàdúná kí wọ́n fi ti Alhaji ránṣẹ́. A san án tán, lẹ́tà ò yéé wá, ó wá ń jẹ́ orúkọ ẹni tó gbé ilé náà kó tó kàn wá. Ìyẹn ò dùn mí ṣá, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé tọ́mọ ẹlòmíì bá máa wá bá ọmọ mi wo kàtúùnù, a gbọ́dọ̀ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣètò ẹ̀ lórí WhatsApp, kí ni kì í jẹ, aago mélòó ló máa dé, aago mélòó la máa wá mú un, ìyá ẹ̀ á dúró sẹ́nu ọ̀nà á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, kò ní wọlé. Kò burú, òfin wọn nìyẹn. Ní Kàdúná, abọ́ ni ìyá mi máa ń kà tó bá di alẹ́, kì í ka orí.

Ọdún 2020 ni mo fẹ́ sọ gan-an. Kòrónà. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ òru, aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀. Ọmọ mi àgbà ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, nọ́sìrì ti tì. CBeebies, ìkànnì àwọn ọmọdé ti BBC, máa ń ka ìtàn kan tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méje lù, wọ́n á pa ìkànnì náà lẹ́yìn ẹ̀ káwọn ọmọ lọ sùn. Gbajúmọ̀ kan ló máa ń jókòó ṣí ìwé. Ní ìparí April yẹn Tom Hardy ló kà á fún ọjọ́ mélòó kan, òṣèré ńlá ni, òun àti ajá ẹ̀. Àsìkò yẹn gẹ́lẹ́ lèmi ń wọ yúnífọ́ọ̀mù, mò ń kó oúnjẹ sí báàgì, mò ń wojú aago, bàbá wọn á dé ní méje, a ó pàdé lẹ́nu ọ̀nà, òun ń wọlé, èmi ń jáde, kò sí àyè ẹ kú iṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo sáré wá sídìí àga pé kí n kí ọmọ mi pé ó dàárọ̀ kí n tó lọ, ojú ẹ̀ ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, ó kàn na ọwọ́ sí mi báyìí, ó ní kò séwu Mummy, bàbá alájá ti bá mi sọ ọ́.

Mo rìn dé ibi bọ́ọ̀sì. Èmi àti dẹ́rẹ́bà nìkan la wà nínú ẹ̀. Èmi tí ìyá méjì fi èdè méjì pàlọ́ fún, ọkùnrin tí kò mọ̀ mí rí ló ń bá mi kí ọmọ mi pé ó dàárọ̀. Mi ò tiẹ̀ lè bínú sí i, torí ó ka ìtàn yẹn dáadáa.

Tí mo bá dé ibi iṣẹ́ ńkọ́. Wọ́n ti ní káwọn arúgbó má jáde ní yàrá mọ́ nítorí àìsàn, pálọ̀ ńlá tí wọ́n ti máa ń jókòó ti ṣófo, wọ́n ti to àga kúrò. Yàrá méjìlá ni mò ń ṣọ́ lókè. Tí mo bá dúró sáàárín kọ́ríḍọ̀ tí wọ́n bá ń sọ ìròyìn, ìròyìn kan náà ni mò ń gbọ́ láti inú yàrá méjìlá, àwọn kan ti yára síwájú díẹ̀, àwọn kan ń fà lẹ́yìn, bíi pé èèyàn méjìlá ń ka Bíbélì tí ẹnì kan ò dúró de ẹnì kejì. Kò sẹ́ni tó lè kan ògiri pé ṣé ẹ gbọ́ ohun tó wí. Kàdúná ni mo máa ń rántí nínú kọ́ríḍọ̀ yẹn, mi ò mọ ìdí ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí pálọ̀ yẹn padà, ẹ ẹ̀ rí ìjà lórí rìmóòtù! Inú mi dùn débi pé mi ò fẹ́ là wọ́n. Látìgbà tí mo ti dé Leeds, ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí ogún èèyàn tó yí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ká, o sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọgọ́rin ọdún kí wọ́n tó gbà ẹ́ síbẹ̀. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí kì í sùn lóru, òun ló sọ ti Andy Pandy fún mi, bèbí aláṣọ ìlà-ìlà kan tí BBC ti ń fi han àwọn ọmọdé láti 1950, ó ní àbúrò òun máa ń pariwo tí wọ́n bá ti fẹ́ pa á. Ó ní lọ́dún 1953 tí wọ́n dé Queen Elizabeth ládé, ilé kan ṣoṣo ló ní tẹlifíṣọ̀n ní òpópónà wọn, gbogbo ọmọ àdúgbò rọ́ lọ síbẹ̀. Mo ní, Mama, ṣé wọ́n ní kẹ́ẹ fọ ẹsẹ̀ kẹ́ẹ tó wọlé? Ó ronú díẹ̀, ó ní rárá, bàtà ni wọ́n ní ká bọ́.

Àbúrò mi ò mọ gbogbo èyí. Èmi náà ò sì sọ ọ́ fún un, torí tí mo bá sọ ọ́ á ní ṣé owó ò wọlé ni? Owó ń wọlé. Iná ò lọ rí látìgbà tá a ti débẹ̀. Ọmọ mi kékeré ní asthma, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa ní ọsibítù kí wọ́n tó fún un ní oògùn. Ìdí tá a fi lọ nìyẹn, ìdí tá a ò sì fi tíì padà nìyẹn, mi ò ní tọrọ àforíjì. Wàhálà ibí, ṣé n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ọ́ ni, ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé inú ẹ̀, owó epo, owó ilé, gosiló Kubwa lọ sí Wúsè láàárọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo wọ rélùwéè ní Kubwa níbí, ó gbé mi dé Rigasa, ibùdókọ̀ rélùwéè Kàdúná, ọkàn mi ò balẹ̀ lójú ọ̀nà, torí èmi náà gbọ́ báwọn agbébọn ṣe kọlu rélùwéè yẹn ní March 2022. Mo lọ wo ilé Alhaji. Alhaji ti kú. Àwa fúnra wa ti kó kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn wàhálà ọdún 2000, ìgbà tí odò Kàdúná di ààlà, Mùsùlùmí lápá ibí, Kìrìsìtẹ́nì lápá ọ̀hún, ìyàwó Alhaji ló fi aṣọ ẹ̀ bo màmá mi lórí títí wọ́n fi dé ibi mọ́tò. Àtẹ POS ló wà níbi tá a máa ń to sílípáàsì sí báyìí. Ọmọkùnrin tó jókòó tì í bi mí pé Hajiya, ṣé transfer ni àbí withdrawal.

Torí náà kì í ṣe èmi ni mo fi Kàdúná yẹn sílẹ̀ lọ. Ó ti lọ ní ọdún mẹ́rìnlá kí n tó lọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ yẹn pa mọ́ sẹ́nu láti àná láti fi dá àbúrò mi lóhùn, àmọ́ nígbàkúùgbà tí mo bá fẹ́ sọ ọ́ ni mo máa ń rántí pé òun náà pàdánù ẹ̀, òun ò sì lọ ibì kankan.

Lónìí ni mo wá wá àwọn ọmọ láàrin pálọ̀ mi ò rí wọn. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Mo jáde, mo rí wọn lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, gbogbo wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ fúláàtì òkè, wọ́n yí máígáàdì ká lórí bẹ́ǹṣì, fóònù ẹ̀ kékeré kan tí gíláàsì ẹ̀ ti fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni gbogbo wọn ń wò, àwàdà Hausa. Tèmi àgbà ti bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ ẹ̀ pupa fún eruku, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó di èjìká máígáàdì mú. Kò gbọ́ Hausa kankan o. Ó pè mí, ó ní Mummy, kí ni "wallahi"? Mo sọ fún un. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹsẹ̀ yẹn, mo pa á mọ́nú, mo dúró wo díẹ̀, ẹ̀yìn orí ọmọ ni mo ń rí.

Ọjọ́bọ̀ la máa padà, mo ní iṣẹ́ òru lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Ó ti ń bi mí bóyá máígáàdì ní WhatsApp.