Ọdún tí mo fi wá ẹlúlùú

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ mọ̀ pé bí Ọ̀pẹ̀ bá ti ń tán lọ báyìí ni mo máa ń jókòó ka ohun tí mo ṣe àti èyí tí mi ò ṣe. Tọdún yìí kò gùn. Mo wo ẹyẹ. Ọ̀rọ̀ onílé wa, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí mo ní mo fẹ́ kùn lọ́dà, gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbi tí ẹ bá a lọ́dún tó kọjá.

Aṣọ ló fà á. Ẹ rántí Màmá àti okùn ìsáṣọ wọn: bí ẹlúlùú bá ti ké lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti ń ká aṣọ nìyẹn, oòrùn ì báà máa ràn. A óò máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín, òjò a sì dé. Ní oṣù kẹta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú wọn, ẹlúlùú ké. Mo gbọ́ ọ, mo jókòó. Òjò na gbogbo aṣọ orí okùn, títí kan áńkárá ìsìnkú gan-an, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣí sára yẹ̀rì funfun Ìyá Ìbejì. (Wọ́n ti dárí jì mí. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí.) Ibi tí mo ti ń fún aṣọ ló ti sọ sí mi lọ́kàn pé mi ò fojú rí ẹyẹ yìí rí. Ọdún 46 ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹni tí ì bá tọ́ka rẹ̀ sí mi ti lọ.

Bí mo ṣe bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹyẹ wíwò lọ nìyẹn. Sátidé àkọ́kọ́, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, létí omi Awba ní Yunifásítì Ìbàdàn. Mo wọ búbà pupa. Mo fín lọ́fínńdà. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú báàgì. Ọmọ tó ń darí wa, tí mo lè bí, rọra yíjú: "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, àwọn ẹyẹ ò tíì fẹ́ jó." Ẹ̀yìn awò ọ̀nà-jíjìn tí wọ́n yá mi ni mo fi sójú, mo ní ẹyẹ ibí mà kéré o.

Ẹ̀gà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ dájú, torí òun alára aláriwo ni. Akọ ló ń hun ilé sára imọ̀ ọ̀pẹ. Bó bá ṣe tán, á so rọ̀ mọ́ ọn, á máa gbọn apá, kí abo lè wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ́ abo lọ́rùn, akọ á tú u, á tún òmíràn hun. Mo ròyìn èyí fún onílé wa, ti òrùlé tó ń jò. Kò fèsì.

Gbogbo ayé mi ni mo sì fi ń ṣe àmín sí ẹyẹ tí mi ò mọ̀. Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Lékeléke nìkan ni mo lè tọ́ka sí, torí òun la máa ń na èékánná sí léwe pé kó fún wa ní funfun. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé, tí mo rí pupa abẹ́ apá àlùkò, "Àmín!" ló já bọ́ lẹ́nu mi. Ọmọ wa tún yíjú.

Gúnnugún kì í kú léwe: àdúrà Màmá nìyẹn láàárọ̀ ọdún tuntun. Àṣé láti 2015 ni wọ́n ti ka gúnnugún tí à ń rí nílé ìpẹran nígbà kan mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù fẹ́ẹ́fẹ́ kó run láyé. Májèlé ń pa á, àwọn ènìyàn sì ń pa á tà fún oògùn. Láti oṣù kẹrin, a ò rí ẹyọ kan. Màmá lo ọdún 67. Àwọn èèyàn ní wọn ò kú léwe, kí n máa dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Àmọ́ bí ẹ bá rí gúnnugún, ẹ bá mi dá a dúró.

A dé igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, náà, nítorí ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, Malimbus ibadanensis, ìbátan ẹ̀gà, tí onímọ̀ ẹyẹ J. H. Elgood kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1958, tí kò sì sí níbòmíràn láyé àfi ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ó ṣe bí onígbèsè: ó wà nílé, kò dáhùn.

Ẹlúlùú wá ńkọ́? Oṣù kẹsàn-án ni, mi ò tilẹ̀ sí pẹ̀lú ẹgbẹ́. Mo ń da omi ògì nù lẹ́yìnkùlé ni ẹyẹ ńlá kan já bọ́ láti orí ọgbà sí ìdí kókò. Orí dúdú, apá aláwọ̀ pákó, ojú pupa bí ẹni tí kò sùn. Kò mọ̀ ọ́n fò. Ó ń rìn kiri bí ẹni tó ń wá ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹyẹ yìí ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀ ju àwa ọmọ lọ! Mo mọ ohun tí Màmá ì bá sọ: "Gbogbo owó ọkọ̀ tó o ná yẹn, ẹ̀yìnkùlé ló wà?" Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Mo wọlé, mo jókòó fún ìgbà díẹ̀. Ata ló ta sí mi lójú. Ẹ má bi mí léèrè ata tó wà nínú omi ògì.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ wa tí kò lé mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì, tí wọ́n ra búbà aláwọ̀ ewé fún mi pẹ̀lú ìkìlọ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, bóyá agbe. Mi ò lérí o.

Lánàá, nínú ọyẹ́, láìsí ìkùukùu kan lójú ọ̀run, ẹlúlùú ké. Mo ká aṣọ. Gbogbo ilé ń fi mí rẹ́rìn-ín. Òjò kò rọ̀. Aṣọ ti wà nílé.