Ayò kan ṣoṣo ló wà láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú bésíbọ́ọ̀lù ni pé kò sí aago tó lè gba ẹgbẹ́ tó ń borí sílẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tó bá ti fi ayò kan ṣíwájú lè máa fi àkókò ṣòfò ní igun pápá títí rẹfirí yóò fi fọn fèrè. Bésíbọ́ọ̀lù kò fàyè gba èyí. Dandan ni kí o ju bọ́ọ̀lù sí alátakò rẹ, tòun ti igi lọ́wọ́ rẹ̀, títí wàá fi lé ẹni ìkẹyìn wọn kúrò lójú pápá. Nígbà tí àbúrò mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní LAUTECH wá pè mí pé àwọn ọ̀dọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ yóò gbàlejò ẹgbẹ́ kan láti Ìlọrin nínú líìgì àwọn tí kò fi eré ṣe iṣẹ́ òòjọ́, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbéra ní Ìbàdàn.

Mo wọ ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀ ní kùtùkùtù, a gba Mọ́níyà àti Fìdítì kọjá, awakọ̀ gbé èrò méjì sí i ní Ọ̀yọ́, oòrùn kò sì tíì mú nígbà tí a wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àsìkò máńgòrò ni, àwọn obìnrin ti to tiwọn jọ lẹ́bàá ọ̀nà ní Tákìé. Mo jẹ àmàlà kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn, nítorí pé ìlú tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan ni mo wà, mi ò sì fẹ́ ba àṣà onílé jẹ́.

Láti ọdún 1855 tí Thomas Jefferson Bowen ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ti ń bá ìlú náà ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ ìsìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898 wà níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọmọ ìlú mọ̀, eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn nílé wọn sì ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wá wòran lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà o. Ó wà lára àwọn eré tí wọ́n dù nígbà tí Àbújá gbàlejò Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ní 2003.

Pápá ilé ìwé kan ni wọ́n lò. Àpò ìrẹsì tí wọ́n rọ iyẹ̀pẹ̀ sí ni wọ́n fi ṣe ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mítà 27 sì wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Pákó pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi ṣe ilé, ìyẹn ibi tí ẹni tó fẹ́ lu bọ́ọ̀lù ń dúró, tí yóò sì sáré padà sí kí ayò tó wọlé. Eérú ni wọ́n fi fa ìlà. Ìbọ̀wọ́ awọ kò kárí, nítorí náà bí ẹgbẹ́ kan bá ti ṣọ́ pápá tán, wọn á fi ìbọ̀wọ́ wọn sílẹ̀ lórí koríko kí àwọn alátakò lè gbé e wọ̀. Mi ò rí ẹni tó ṣàròyé nípa rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Kóòṣì Ògbómọ̀ṣọ́ gbé bọ́ọ̀lù kan lé mi lọ́wọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Awọ funfun méjì ni wọ́n fi òwú pupa rán pọ̀, ojú rírán rẹ̀ jẹ́ 108, gbogbo rẹ̀ kò sì wúwo ju gíráàmù 149 lọ. Èyí tó fún mi ti ya lójú kan, òun fúnra rẹ̀ sì ti fi abẹ́rẹ́ àwọn tó ń ṣe bàtà tún un rán, tó fi jẹ́ pé ìlà pupa náà di dúdú níwọ̀n ìka méjì kó tó tún pọ́n padà. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ ojú ibẹ̀, ó ní ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún òun máa ń di mú bó bá fẹ́ kó yà bàrá lójú afẹ́fẹ́.

Abala méje ni wọ́n fẹnu kò sí dípò mẹ́sàn-án. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ń bi mí léèrè bí eré ṣe ń lọ. Mo ṣàlàyé fún un pé mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni wọ́n, pé bí ẹni tó mú igi bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti kúrò nìyẹn, àti pé bí ènìyàn mẹ́ta bá ti kúrò, ẹgbẹ́ kejì ló kàn láti mú igi. Ìlọrin gba ayò mẹ́ta lábala kejì. Ògbómọ̀ṣọ́ dá méjì padà lábala kẹta, wọ́n gba méjì sí i lábala karùn-ún, Ìlọrin náà sì gba méjì lábala kẹfà. Ó di márùn-ún sí mẹ́rin.

Bàbá náà fara balẹ̀ wo ojú oòrùn. “Ọmọ mi, ìgbà wo ni wọn yóò fọn fèrè?”

“Bàbá, kò sí fèrè. Ó di ìgbà tí àwọn Ìlọrin bá lé ẹni mẹ́ta jáde.”

“Bí wọn kò bá wá rí wọn lé ńkọ́?”

“A ó máa wò ó lọ ni, sà.”

Ó mi orí, ó sì tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Lábala keje, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan ti dé ibùdó kẹta, ẹnìkan péré ni Ìlọrin sì ti lé. Ẹni tó mú igi gbá bọ́ọ̀lù sókè fíofío, ẹ̀ṣọ́ Ìlọrin tó wà lẹ́yìn pátápátá sì há a mọ́wọ́. Gbogbo èrò mí kanlẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé òfin gba ẹni tó wà níbùdó láyè láti sáré bí ọwọ́ bá ti ba bọ́ọ̀lù náà. Ọmọ náà ti fi ẹsẹ̀ kan tẹ àpò iyẹ̀pẹ̀, ó ń wòye, bí bọ́ọ̀lù sì ti bọ́ sínú ìbọ̀wọ́ ló ti ta kọ́ṣọ́. Ó wọlé. Ó di márùn-ún sí márùn-ún, Bàbá sì dìde dúró kí èmi tó dìde.

Ẹni tó tẹ̀lé e kùnà, bí ayò sì ti dọ́gba, wọ́n wọ abala kẹjọ. Ìlọrin gba ayò kan. Ògbómọ̀ṣọ́ mú igi, ẹni méjì kúrò kíá, ọmọ kan sì wà níbùdó kejì. Ìgbà yìí ni mo rí ìjà tó wù mí jù lọ lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú igi ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí igi bá gbá yà sí ẹ̀yìn ìlà kò lè sọ ọ́ di ẹni tó kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbá wọn yà, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, tí àwọn ọmọdé ń sáré wọ inú igbó lọ wá bọ́ọ̀lù bọ̀. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù láti mítà 18 ti ń fi apá nu ojú. Òun náà kò rí ibi sá sí.

Níkẹyìn, bọ́ọ̀lù gba ọwọ́ ọ̀tún lọ sínú koríko. Kóòṣì na ọwọ́ sí ilé, ẹni tó wà níbùdó kejì sì yí ibùdó kẹta ká láìdúró. Ẹ̀ṣọ́ Ìlọrin gbé bọ́ọ̀lù, ó sì jù ú tààrà, kò kanlẹ̀ rárá kó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó lúgọ síwájú pákó. Eruku pupa bo àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀. Rẹfirí bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó sì na àtàǹpàkò sókè: ìbọ̀wọ́ ti kan èjìká ọmọ náà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan pákó. Ìlọrin ló borí, ayò mẹ́fà sí márùn-ún. Àwọn kan lára èrò pariwo, ṣùgbọ́n ibi tí mo wà kò jìnnà, mo sì rí i pé òótọ́ ni rẹfirí sọ.

Nígbà tí wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ inú àpò nù, mo bi kóòṣì bóyá kò bá ti dá ọmọ náà dúró níbùdó kẹta.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó kàn láti mú igi kò tíì fi kan bọ́ọ̀lù látàárọ̀. Bí a bá tún un ṣe, màá ní kó sáré. Apá ọmọ Ìlọrin yẹn ló gbà á lọ́wọ́ wa.”

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà náà, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ìlọrin ni wọn yóò ti tún pàdé lẹ́yìn ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kóòṣì sì ti sọ fún ọmọ tí wọ́n lé jáde nílé náà pé òun ni yóò kọ́kọ́ mú igi.