Àyẹ̀wò ọdún 2024 mi: góòlù méjì, rọ́ọ̀nù méje

Bí ọdún bá ti ń parí, mo máa ń jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀ mi, kí n wo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Lọ́dún tó kọjá, ojú ewé mẹ́ta ni mo kọ, ọ̀rọ̀ owó ló sì kún ibẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí mo ṣí ìwé náà, nọ́ńbà méjì péré ni mo rí tí mo ti fi bírò pupa yí po láti oṣù Kejì títí di oṣù Kọkànlá: 2 àti 7. Kò sí èyí tó kan owó nínú méjèèjì: bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ni 2, eré kíríkẹ́ẹ̀tì ló ni 7.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti owó kúrò nílẹ̀. Kò dáa. Kíláàsì Faransé tí mo dá sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà ní oṣù Kẹta, ẹni mẹ́ta ló forúkọ sílẹ̀, àbúrò onílé mi sì ni ọ̀kan nínú wọn, kò san kọ́bọ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, mo pa á tì. Epo bẹntiróòlù kọjá 1,000 náírà lórí lítà kan níbí l'Ábújá, mo ta ọkọ̀ mi, mo ń wọ kẹ̀kẹ́ bí gbogbo ayé. Iṣẹ́ ògbufọ̀ tó ń já lu ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló jẹ́ kí ẹnu máa jẹ. Ó tán.

Nọ́ńbà 2 ló ṣáájú. Ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mí, ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí n kì í sábà sọ ni pé Treichville, l'Àbíjàn, ní Côte d'Ivoire, ni wọ́n ti bí mi. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò, ìyẹn ò lè yà á lẹ́nu: ìlú tí ẹ ti máa gbọ́ kí ìyá arúgbó fi Faransé bú ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí àwọn ọlọ́jà sì mọ iye tí sẹ́fà jẹ́ lónìí ju iye tí dọ́là jẹ́ lọ. Bàbá mi ta aṣọ l'Àbíjàn títí ó fi kú. Nígbà tí ìjà abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní oṣù Kẹsàn-án 2002, Màmá kó àwa kékeré bọ̀ wálé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì dúró ti ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. L'Àbíjàn, Anago, orúkọ tí wọ́n fi ń pe Yorùbá, ni wọ́n ń pè wá. Mo délé, wọ́n ní Ará Àbíjàn ni mí. Wọ́n fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì títí mo fi kọ́ bí èèyàn ṣe ń pa apá kan ara rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Àwọn kan tí a jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin rò pé ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo ti kọ́ Faransé.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì bọ́ sí, Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire sì wọ àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà, ní Àbíjàn gan-an. Àwọn ará ilé wa gbé tẹlifíṣọ̀n sí ìta, wọ́n ra mínírà, wọ́n pè mí. Mo ní orí ń fọ́ mi. Inú yàrá ni mo ti wò ó, mo tilẹ̀kùn, mo dín ohùn rẹ̀ kù. Troost-Ekong ti Nàìjíríà fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi, ìta gbóná, mo patẹ́wọ́ lọ́kàn mi. Kessié dá a padà fún Côte d'Ivoire. Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, Haller na ẹsẹ̀, bọ́ọ̀lù wọlé. Góòlù méjì. Ìta pa lọ́lọ́. Èmi náà dákẹ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ tèmi yàtọ̀ sí tiwọn, ohun tí mo sì ń sá fún nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi pè lóru. Ariwo fèrè àti ìlù ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Ṣé o rí i? Ṣé o rí àwọn ọmọ yìí? Àwọn tí Equatorial Guinea fi mẹ́rin sí òdo nà lóṣù tó kọjá!"

"Mo rí i, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ kú oríire."

"Ìwọ ńkọ́, ta lo gbè lẹ́yìn?"

Mo ní Nàìjíríà ni.

"O purọ́," ló wí, ó sì pa fóònù.

Kí n tó dé orí nọ́ńbà kejì, mo ní láti sọ bí kíríkẹ́ẹ̀tì ṣe wọ ọ̀rọ̀ mi, torí n kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ kí oṣù Kẹjọ tó wọlé. Ọmọ aládùúgbò mi kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ń gbá a nílé ìwé. Ògiri ilé mi ló ń ju bọ́ọ̀lù rẹ̀ mọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo jáde lọ bá a wí, mo sì padà wọlé lẹ́yìn wákàtí kan, mo ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní wíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn igi mẹ́ta tó dúró lẹ́yìn ẹni tó mú bátì. Èyí tó fẹ́ràn jù ni kékeré tí wọ́n ń pè ní T20. Ófà 20 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló wà nínú ófà kan, ìyẹn 120 bọ́ọ̀lù. Ẹni tó mú bátì á gbá a, òun àti èkejì rẹ̀ á sáré pààrọ̀ ibùdúró, rọ́ọ̀nù kan nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá yí gba ilẹ̀ kọjá ààlà pápá, mẹ́rin. Bó bá fò kọjá láìfarakanlẹ̀, mẹ́fà. Bí mẹ́wàá nínú mọ́kànlá yín bá ti jáde, ó parí, ì báà ṣe ófà mélòó ló kù.

Òun náà ló sọ fún mi pé ìdíje ń bọ̀ l'Ábújá. Íńdíà àti Sri Lanka ni wọ́n fi Ife Àgbáyé T20 ti àwọn ọkùnrin fún 2026 sí, ẹgbẹ́ méjì ló sì máa gba ìdíje Áfíríkà wọ ibẹ̀, yàtọ̀ sí South Africa tó ti ní àyè tirẹ̀. Wọ́n pín àwọn tó ń wá àǹfààní sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan lọ Dar es Salaam ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn kan lọ Nairobi ní oṣù Kẹwàá, àwọn tó kù wá sọ́dọ̀ wa ní oṣù Kọkànlá. Méjì méjì ni wọ́n ń mú níbi kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì lọ bá Namibia àti Uganda tí wọ́n ti lọ Ife Àgbáyé ọdún yìí. Ní Nairobi, Zimbabwe gbá 344 lé Gambia lórí. Sikandar Raza nìkan gbá 133, ẹnikẹ́ni kò sì lé e jáde. Gambia rí 54. Ọmọ náà ka á fún mi bí ẹni ń ka oríkì.

Ẹgbẹ́ mẹ́fà ló wá s'Ábújá: Nàìjíríà, Botswana, Sierra Leone, Eswatini, Saint Helena (erékùṣù kan ní àárín Òkun Àtìláńtíìkì tí àwọn ará ibẹ̀ kò tó 5,000, ẹ gbà mí, gbogbo wọn lè jókòó sí igun kan ní pápá ìṣeré wa, kí àyè sì ṣẹ́kù), àti Côte d'Ivoire. Mo ka orúkọ tó gbẹ̀yìn yìí lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí ọmọ náà bi màmá rẹ̀ bóyá ó lè bá mi lọ.

Ọjọ́ Àìkú náà ni, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kọkànlá. Mo pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Èrò kò pọ̀ ní pápá kíríkẹ́ẹ̀tì tó wà ní pápá ìṣeré Moshood Abiola, ṣùgbọ́n àwọn tó wá mọ ẹnu ún lò. Nàìjíríà ló kọ́kọ́ mú bátì. Selim Salau gbá 112, ó sì kúrò lórí pápá fúnra rẹ̀ kí ẹlòmíràn lè gbá. Sulaimon Runsewe gbá 50. Isaac Okpe dé, ó gbá 65 láàárín bọ́ọ̀lù 23 péré. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 271. Àwọn ọmọ Ivory ń sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù lọ sí ààlà pápá, wọ́n ń gbé e bọ̀, wọ́n tún ń sá lọ. Mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè síra wọn. Faransé Àbíjàn ni, èyí tí n kò gbọ́ látẹnu ọ̀dọ́mọkùnrin láti ọdún wo. Ọ̀kan nínú wọn ju ọ̀rọ̀ kan sẹ́nu tó jẹ́ pé bí Màmá bá gbọ́ ọ lẹ́nu wa láyé àtijọ́, ìgbátí ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú bátì.

Èkíní jáde. Èkejì jáde. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn tó kù, n kò ní parọ́. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ń pariwo pé, "A ti gbẹ̀san! Ẹ kó ife wa padà wá!" Gbogbo wa mọ ife tó ń sọ. Àwọn Isaac Danladi àti Prosper Useni ń ju bọ́ọ̀lù, wíkẹ́ẹ̀tì ń bọ́, ìyẹn ni pé wọ́n ń jáde, bí àgbálùmọ̀ tó ti pọ́n jù. Nígbà tó ku díẹ̀, ẹ̀rín náà ti yí padà, ó ti di irú ẹ̀rín tí wọ́n ń rín sí mi ní kíláàsì ní 2002. Ọmọ kan ń rìn bọ̀ láti àárín pápá, ó rọra ń fa bátì nílẹ̀, òdo ló gbá. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. "Courage, petit! Courage!" Ohùn mi le ju bí mo ṣe rò. Ó gbójú sókè, ó wá ibi tí ohùn ti wá, ó gbé bátì díẹ̀. Ọkùnrin ẹ̀yìn mi dákẹ́.

"Àǹkù, ṣé Faransé lẹ sọ yẹn?" ọmọ aládùúgbò mi ló béèrè.

"Òun ni."

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí." Mo gbọ́ ara mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ọmọ náà mi orí, ó padà sídìí ìwé ayò rẹ̀, bíi pé mo sọ pé Kúbwà ni wọ́n bí mi sí.

Méje. Ohun tí gbogbo wọn rí nìyẹn, láàárín bọ́ọ̀lù 45. Ẹnìkan gbá mẹ́rin, àwọn mẹ́ta rí oókan-oókan, àwọn méje tó kù kò rí nǹkan kan. Nàìjíríà fi rọ́ọ̀nù 264 borí. Títí di ọjọ́ náà, kò sí orílẹ̀-èdè tí àròpọ̀ rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ rí nínú T20 àwọn ọkùnrin. Mẹ́wàá ni ó kéré jù tẹ́lẹ̀, Isle of Man àti Mongolia ló jọ ni ín. Ọjọ́ kejì, ayé gbọ́. Àwọn tí kò mọ bátì yàtọ̀ sí ìgbálẹ̀ ń fi 7 ṣàwàdà lórí fóònù.

Mo lọ wádìí, ohun tí mo sì rí bí mi nínú díẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ mẹ́fà tó wà l'Ábújá, márùn-ún ló jẹ́ ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ gàba, níbi tí wọ́n ti fi kíríkẹ́ẹ̀tì kọ́ ọmọ ilé ìwé. Èkó àti Gold Coast ti bá ara wọn gbá a ní 1904. Côte d'Ivoire, 2022 ni àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé tó gbà wọ́n wọlé. Ọgọ́fà ọdún sí ọdún méjì! Ìdíje tí wọ́n sì wá gbá l'Ábújá yìí ni àkọ́kọ́ wọn. Àjọ yẹn ló pinnu pé láti 2019, gbogbo T20 láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ á máa wọ ìwé àkọsílẹ̀ ńlá. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí òun náà ló jẹ́ kí 112 ti Salau wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé àṣìṣe ẹni tó ń kọ́ ìrìn náà ti di ohun tí kò ní parẹ́. Kíláàsì Faransé mi tó kú ní oṣù Kẹfà, kò sí ẹni tó kọ ọ́ síbì kankan. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé mẹ́ta ni mo gbá.

Nàìjíríà àti Botswana ló yege láti lọ bá àwọn mẹ́fà yòókù jà fún àyè méjì ní 2025. Inú mi dùn, Nàìjíríà ni mo gbè lẹ́yìn, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe irọ́.

Èmi ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo rò pé máa fi gbẹ̀san ti oṣù Kejì.

"Kíríkẹ́ẹ̀tì?" ló wí. "Ṣé wọ́n ń gbá ìyẹn níbí ni?"

Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Méje? Gbogbo wọn lápapọ̀?"

"Gbogbo wọn."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé ọmọ tiwa kankan wà níbẹ̀?"

N kò bi í pé tiwa wo.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejìlá ló wọ Èjìgbò pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, èyí tí kò tíì pé mọ́kànlá. Èmi náà wá láti Ábújá. Mo ti ra bátì àlòkù lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò mi, ó fi sẹ́lótéèpù dúdú wé ọwọ́ rẹ̀. Màmá yẹ̀ ẹ́ wò yíká.

"Orógùn wo lèyí? Ṣé wọn ò ta orógùn l'Àbíjàn mọ́ ni?"

Ọmọ náà ní kí n ju nǹkan sí òun. Bọ́ọ̀lù kò sí, mo mú ọsàn nínú abọ́. Èkíní kọjá lára rẹ̀. Èkejì fọ́ sára bátì, omi rẹ̀ sì dà sórí aṣọ òkè tí Màmá sá sórí okùn. Màmá figbe ta, ọmọ náà sá la àgbàlá kọjá, mo mú bírò pupa. Mo kọ 1 sílẹ̀ fún un.