Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Tó Rọ̀ Kọ́ Ló Ń Tu Ara

Ọdún púpọ̀ ni mo fi gbà pé bí ìjókòó kẹ̀kẹ́ bá ti rọ̀ tó ni yóò ti tu ẹni tó ń gùn ún lára tó. Mo ra èyí tí wọ́n ki fóòmù àti jẹ́lì sí bíi tìmùtìmù, mo sì tún fi ìbòrí rírọ̀ lé e lórí, síbẹ̀, bí mo bá ti gun kẹ̀kẹ́ ju wákàtí kan lọ, abẹ́ mi a máa kú débi pé n kì í mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ojú tì mí láti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí irú ọ̀rọ̀ yìí máa tini lójú.

Egungun méjì ló wà nísàlẹ̀ ìbàdí ènìyàn, tí a ó fọwọ́ bà bí a bá jókòó lórí àga líle tí a sì ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìdí. Àwọn ló yẹ kó gbé ìwúwo ara. Àárín wọn ni iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí ojú ara gbà kọjá. Bí ìjókòó bá rọ̀ jù, egungun méjèèjì á rì sínú rẹ̀, fóòmù àárín á wú sókè, á sì máa tẹ ibi tí kò yẹ kí ohunkóhun tẹ̀.

Nítorí náà, fífẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ kí a wò. Ẹ gbé páálí tó nípọn sórí àga líle, ẹ jókòó lé e, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ wá wọn àárín ojú ibi méjèèjì tó tẹ̀ wọnú. Ó yẹ kí ìjókòó yín fẹ̀ ju ìwọ̀n yẹn lọ díẹ̀. Ẹni tó ń nàró gun kẹ̀kẹ́ nílò èyí tó fẹ̀ ju ti ẹni tó ń tẹ̀ síwájú lọ, nítorí pé bí a bá ti ń tẹ̀ síwájú ni egungun tó ń kan ìjókòó ń súnmọ́ ara wọn.

Àwọn tó ń ṣe ìjókòó ti gbìyànjú oríṣiríṣi ọ̀nà. Àwọn kan dá ihò sí àárín rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Brooks ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń na awọ láti irin iwájú dé irin ẹ̀yìn bí awọ ìlù, èyí tó máa ń gba àpẹẹrẹ egungun ẹni tó ń lò ó díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn gé imú ìjókòó, ìyẹn ṣóńṣó tó yọ síwájú, kúrò pátápátá. Ní Amẹ́ríkà, NIOSH, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́, fún àwọn ọlọ́pàá tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́ ní irú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2008: àwọn ọkùnrin tó sọ pé abẹ́ àwọn kì í kú kúrò ní 27 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n di 82. Àǹfààní ńlá nìyẹn lójú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé imú yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fi itan tì láti darí kẹ̀kẹ́, tí yóò sì gba àkókò kí àìsí rẹ̀ tó mọ́ wọn lára.

Èyí tí mo ń lò báyìí le, ó fẹ̀ ní mìlímítà 145, ó sì ní ihò láàárín. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, egungun méjèèjì dùn mí; mo tẹ imú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ìrora náà sì lọ. Abẹ́ mi kò kú mọ́.