Bí ẹni tó fẹ́ kó kúrò nílé

Òjò ò dá ní Leeds láti àárọ̀, ṣùgbọ́n mo ti parí wáyà bátìrì kejì nínú bọ́ọ̀sì wa. Fíríìjì inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Inú mi dùn, àmọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń dún létí mi látọ̀sán.

Tọ́ọ̀ṣì ni mo wọlé wá mú. Ìyá Tóbi wà ní ilé ìdáná, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Àǹtí, ó ń ṣe bọ́ọ̀sì yẹn bí ẹni tó fẹ́ kó kúrò nílé." Kò fi ìbínú sọ ọ́ o. Bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Bí ẹni tó fẹ́ kó kúrò nílé. Èmi?

Mo rántí Malham, abúlé tí a gbé bọ́ọ̀sì yìí lọ sùn. Mo rántí ẹja tó bàjẹ́, àti ojú tí Ìyá Tóbi fi wò mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ kọ̀ tí kò sítáàtì. Ihò ìtanná sìgá ni mo ki fíríìjì bọ̀ nígbà yẹn, ló bá fa bátìrì ọkọ̀ gbẹ mọ́jú. Nítorí ojú yẹn ni mo ṣe ń ṣe gbogbo èyí. Ṣé n kò sọ fún un ni? N kò rò pé mo sọ ọ́.

Bátìrì tuntun yìí jẹ́ 100 Ah (iye amp ìlọ́po iye wákàtí), oríṣi AGM, bátìrì òjé tí a dé pa. Èèyàn kì í lò ó kọjá ìdajì bí kò bá fẹ́ kó tètè kú. Fíríìjì ń fa bíi amp 4 nígbà tí compressor rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń mú un tutù, bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 8 nínú 24, 32 Ah lójúmọ́ nìyẹn, ìdajì bátìrì, 50 Ah, á sì gbé e fún ọjọ́ kan ààbọ̀ láì tan ẹ́ńjìnnì. Wáyà 6 mm² ni mo lò, torí wáyà tín-ín-rín máa ń jẹ iná sọ́nà, fíríìjì á wá rò pé bátìrì ti kú, á pa ara rẹ̀. Mo fi fíúsì sí ìdí orí bátìrì gan-an. Wáyà ni fíúsì ń ṣọ́, kì í ṣe fíríìjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ ìyẹn.

Relay, swíìṣì tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ló so bátìrì méjèèjì, ti ọkọ̀ àti tuntun yìí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ tí iná dé volt 13.3, á so wọ́n pọ̀. Bó bá wálẹ̀ sí 12.8, á já wọn. (Bọ́ọ̀sì mi ti dàgbà, ló jẹ́ kí relay tó o. Alternator ọkọ̀ ìgbàlódé, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ẹ́ńjìnnì ṣe iná, máa ń dín iná rẹ̀ kù fúnra rẹ̀.) Méjèèjì á jọ jẹun lọ́sàn-án, tó bá dalẹ́ kálukú á wà láyè ara rẹ̀. Mo kọ èyí tán, mo tún un kà, n kò fẹ́ràn bó ṣe rí.

Bóyá òótọ́ ló sọ. Láti September tí Tóbi ti lọ yunifásítì, ilé dákẹ́ lọ́nà kan tí n kò mọ bí mo ṣe lè… Nínú bọ́ọ̀sì, bí mo bá so wáyà tí kò dáa, mítà á sọ fún mi lójú ẹsẹ̀. Ta ló ń sọ fún mi nínú ilé? Ṣùgbọ́n òun náà wà níbẹ̀, ó ń sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún.

Ó jáde wá nírọ̀lẹ́, ó di agboòrùn mú. "Bàbá Tóbi, ẹ ò ní jẹun ni?" Mo ní mò ń bọ̀. Ó yọjú wo inú fíríìjì pẹ́. Ó ní, "Ṣé abọ́ ọbẹ̀ mi ńlá yẹn á wọ ibí yìí?"

Aago 10 ti lù. Bátìrì wà ní volt 12.6, fíríìjì wà ní ìwọ̀n 4 °C. Mo wọn wáyà, mo wọn ilẹ̀ bọ́ọ̀sì, mo wọn bẹ́ẹ̀dì. N kò wọn abọ́ yẹn. Ó ti sùn. Mo fẹ́ rọra lọ wọ̀n ọ́n.